Ẹni Tó Wà Láàárín Wa àti Bàálù

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sójú kan. Àwọn bàbá wa ti ń tẹ̀lé ọ̀nà ọjà káàkiri kí ojú irin tó dé, nígbà tí ojú irin sì dé láyé ìjọba amúnisìn, tí Ọ̀fà di ibùdó láàárín Èkó àti Kánò, ìrìnàjò di ara iṣẹ́ ìlú. Àwọn kan bá òwò dé Gáná, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, kí ìjọba Busia tó lé wọn wálé ní ìparí ọdún 1969. Lónìí ẹ ó bá ọmọ Ọ̀fà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Dubai, ní Tòróńtò. Ṣùgbọ́n ìlú tó bí gbogbo wọn kò ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ìlọrin ni bàálù tó sún mọ́ wa jù ń balẹ̀ sí, Èkó tàbí Àbújá sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ sókè òkun ti ń gbéra.

Nítorí náà, lójú àwa ará ilé wa, inú ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi obìnrin, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà Ọ̀wọ́dé, ni bàálù ti ń bẹ̀rẹ̀. Alhája ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe. Bí ọmọ ẹnì kan bá gba físà, kí wọ́n tó pe àwọn àna, ọ̀dọ̀ Alhája ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ yà. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà, àmọ́ ìjókòó àwọn oníbàárà kì í kún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń wo iṣẹ́ yìí láti kékeré, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́.

Èkó ni Alhája ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí Nigeria Airways, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958, ṣì ń fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí British Caledonian náà ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Gatwick. Láyé ìgbà yẹn, iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ kì í yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì. Àwọn ìjọba ló ń jókòó pinnu ilé-iṣẹ́ tó lè fò wọ ìlú ara wọn àti iye ìgbà tó lè wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀. IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Havana lọ́dún 1945, ló ń ṣètò iye owó. Ejẹ́ǹtì kò lè dín in, kò sì lè fi kún un. Kọ́míṣọ̀n tí ilé-iṣẹ́ bàálù ń san fún un, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lórí tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun, ló fi ń jẹun. Oníbàárà kì í san kọ́bọ̀ lé e. Nígbà tí owó sì jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, ìwà àti ìmọ̀ nìkan ni ejẹ́ǹtì kan fi lè ju èkejì lọ.

Mo rántí tíkẹ́ẹ̀tì ayé ọjọ́un dáadáa. Ìwé gígùn pẹlẹbẹ kan ni, ojúewé mélòó kan ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ́n bí ojú ọsàn tó gbó nítorí yíǹkì tí wọ́n fi pa á. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ tẹ bírò mọ́lẹ̀ gidigidi kí ohun tó kọ lè yọ dé ojúewé ìkẹyìn. Alhája á kọ orúkọ bàbá ṣáájú, á fa ìlà, á wá kọ orúkọ àbísọ. Á kọ LOS fún Èkó, LHR fún Heathrow. Á ti ìwé náà bọ ẹ̀rọ irin kékeré kan, á fa ọwọ́ rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù á sì jáde lórí rẹ̀. Ojúewé kan á lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣirò owó, ọ̀kan á kù sọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, bàálù kọ̀ọ̀kan tí èrò máa wọ̀ ní tirẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ni ti èrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sọ tíkẹ́ẹ̀tì nù, owó ló sọ nù. Bí Alhája bá ti ibi iṣẹ́ dé, yíǹkì pupa yẹn á wà lórí ìka rẹ̀, ọṣẹ kì í sì tètè bó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin kan ní Amẹ́ríkà tó mú ọwọ́ ìjọba kúrò lórí iye owó bàálù àti ibi tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fò dé nínú orílẹ̀-èdè náà. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú ti lè fò síbi tó wù ú, kó gba iye tó wù ú. Àwọn tuntun dé, àwọn àgbà wó lulẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nípò láràárọ̀. Ẹni méjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú bàálù kan náà, kí ọ̀kan ti san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí èkejì san.

Ta ló lè ka irú owó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ni. American Airlines àti IBM ti jọ ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Sabre láàárín ọdún 1960 sí 1970, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn má bàa máa fi káàdì àti pẹ́ńsù ka ìjókòó. Lọ́dún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ejẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ United náà gbé Apollo tirẹ̀ lọ bá wọn lọ́dún kan náà. Lọ́dún 1987, àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù dá Amadeus àti Galileo sílẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ̀rọ yìí ṣe fún ejẹ́ǹtì: ó gbé e ga ni. Ṣáájú òfin ọdún 1978, iye tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì kọjá ní Amẹ́ríkà kò tó ìdajì. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1990 sí 1995, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti di igbó, ejẹ́ǹtì ló sì mọ ọ̀nà inú rẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ló ni ẹ̀rọ yẹn, bàálù tiwọn ni wọ́n sì máa ń fi sí ìlà àkọ́kọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kódà bí ti ẹlòmíràn bá yá jù tàbí tó dínwó jù. Ejẹ́ǹtì tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ìlà àkọ́kọ́ ló máa mú. Ó di ọdún 1984 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fòfin dè é. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń sọ ohun tí ojú ẹni tó ń lò ó máa rí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yí padà títí dòní.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀kùn ṣí ní àkókò kan náà, àmọ́ ní ọ̀nà tiwa. Kabo Air bẹ̀rẹ̀ ní Kánò, Okada Air tẹ̀ lé e ní Benin, apá Nigeria Airways kò sì ká ilé mọ́. Bellview ló wú mi lórí jù nínú wọn: ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n l'Ékòó kí wọ́n tó di ilé-iṣẹ́ bàálù lọ́dún 1992. Ejẹ́ǹtì di onílé! Alhája sọ fún mi pé ìròyìn yẹn mú orí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yá. Náírà ní tirẹ̀ ti ṣubú láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ọjà pàṣípààrọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1986, tíkẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ ilé-ìwé ń rà tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí ìdílé ń dá àjọ fún.

Àárín àkókò yẹn ni Alhája kọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń fi ìka tẹ̀ nígbà náà. Ojú dúdú ni, lẹ́tà aláwọ̀ ewéko ló ń tàn lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kó dáhùn gbọ́dọ̀ mọ èdè tó ń gbọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ kan tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tẹ AN15DECLOSLHR, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé: fi àyè tó ṣí sílẹ̀ hàn mí ní ọjọ́ 15 oṣù Díséńbà láti Èkó lọ sí Heathrow. Bó bá tẹ SS1Y1, ìjókòó kan ló mú ní ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́tà kan tó bá ṣì tẹ̀, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo ti jókòó tì í tó ń ṣe é, tí ojú rẹ̀ wà lára oníbàárà, tí ẹnu rẹ̀ ń béèrè àlàáfíà ìyá ìyàwó, tí ìka rẹ̀ sì ń sáré lórí bọ́tìnnì láìwò ó. Ẹni tó bá rí èyí kò ní sọ pé kọ̀ǹpútà ni ọ̀tá rẹ̀.

Owó ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fi gbá a mú. Lóṣù kejì ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ bàálù Delta ní Amẹ́ríkà sọ pé kọ́míṣọ̀n ejẹ́ǹtì lórí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ nínú Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ ju 50 dọ́là lọ mọ́, bó ti wù kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n tó. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé e. Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún di mẹ́jọ, mẹ́jọ di márùn-ún, nígbà tó sì di ọdún 2002, ó di òfo. Ìdíje tí òfin 1978 dá sílẹ̀ ti mú kí gbogbo wọn máa wá ibi tí wọ́n ti lè dín ìnáwó kù, íntánẹ́ẹ̀tì sì ti dé tí wọ́n lè fi bá èrò sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ìgbà tí wọ́n nílò ejẹ́ǹtì láti la igbó tíkẹ́ẹ̀tì kọjá, wọ́n san án. Ìgbà tí wọ́n rò pé èrò lè dá inú igbó náà wọ̀, wọ́n dá owó rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n igbó náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ló gbìn ín, ó sì tún ń dí sí i.

Àṣà náà dé Nàìjíríà lẹ́yìn wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń gé kọ́míṣọ̀n díẹ̀díẹ̀, NANTA, ẹgbẹ́ àwọn ejẹ́ǹtì tó ti wà láti ọdún 1976, ń pariwo, wọ́n sì ń gé e lọ. Ohun tó kan ejẹ́ǹtì ìlú kékeré tún le jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí IATA fún òun láṣẹ gbọ́dọ̀ ní báǹkì tó máa dúró fún un pẹ̀lú owó gọbọi. Alhája kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà tó padà wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ ejẹ́ǹtì ńlá kan l'Ékòó ló ti ń tà, wọ́n sì jọ ń pín èrè. Nígbà tí èrè di tín-ń-tín, kí ni wọ́n fẹ́ pín?

Ọdún 2008 ni gbogbo rẹ̀ wá pé jọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà, IATA fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé. Ẹ̀rọ irin Alhája di ohun tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ọdún yẹn náà ni Wakanow bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù alágbèéká ṣe èyí tó kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Pólì Ọ̀fà ló bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ má bínú o, Alhája, kí lẹ tún ń tà gan-an, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí fóònù?" Kò bínú. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọjọ́ tó wù ẹ́ láti lọ. Èmi ni mo mọ èyí tí kò yẹ kó o lọ."

Mo ti rí ohun tó ní lọ́kàn. Ìyá àgbà kan ń lọ tọ́jú ìkókó ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó lórí fóònù, wọ́n kàn fẹ́ kí Alhája wò ó ni. Alhája ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ n rí páásípọ́ọ̀tù yín." Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni Rafatu, Alhaja Rafat ni ọmọ kọ síbi tí wọ́n ní kó kọ orúkọ. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè dá èèyàn padà níwájú káńtà. Ó tún wò ó: tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé-iṣẹ́ kejì kò jẹ ìyá ní gbèsè kankan, ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á sì wà ní ìlú onílùú pẹ̀lú ẹrù èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí rẹ̀. Ọmọ tún fẹ́ kí ìyá wọ bàálù láti Ìlọrin lọ́sàn-án, kó sì wọ ti Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ náà. Alhája kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ní Ọ̀fà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí bàálù abẹ́lé ṣe ń pẹ́, ibi tó sì ń já èrò sí n'Íkẹjà kì í ṣe ibi tí ti òkè òkun ti ń gbéra. Ó ní kí ìyá lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí l'Ékòó mọ́jú.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó wá rà fún ìyá fi díẹ̀ wọ́n ju ti orí fóònù lọ. Ìyá dé Lọ́ńdọ̀nù láyọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé aburú kankan kò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ṣe rí: bó bá dára, kì í hàn síta.

Ìgbà tó hàn ni ọdún 2020. Nàìjíríà ti ojú òfurufú pa fún bàálù òkè òkun lóṣù kẹta nítorí àrùn Kòrónà, ó di oṣù kẹsàn-án kó tó ṣí i. Ìdílé kan ládùúgbò wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ lẹ́tà títí, ẹ̀rọ ló ń dá wọn lóhùn. Àwọn tó rà á lọ́wọ́ Alhája ń wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti bínú sí i, òun náà sì ń kọ̀wé lójoojúmọ́ nítorí wọn títí tí ilé-iṣẹ́ bàálù fi gbà kí wọ́n lo owó náà lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún un lórí wàhálà yẹn. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n lè bínú sí lójúkojú wà, ọ̀nà sì là nítorí pé ó wà.

Ọdún 2022 tún dé pẹ̀lú tirẹ̀. Náírà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń gbà lọ́wọ́ wa, wọn kò sì rí dọ́là gbà ní báǹkì ìjọba láti fi kó o lọ sílé. IATA sọ lọ́dún yẹn pé owó tó há ti tó 450 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti lé ní 800 mílíọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ Emirates ti dáwọ́ fífò wá sí Nàìjíríà dúró lọ́dún 2022 náà. Àwọn yòókù mú tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó kúrò lójú kọ̀ǹpútà àwọn ejẹ́ǹtì wa, èyí tó wọ́n jù nìkan ló kù síbẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí ọmọ bá òun fi pọ́n-ùn rà á níbẹ̀. Alhája ń wo ìjókòó kan náà, nínú bàálù kan náà, tí wọ́n ń tà ní ìdajì fún ẹni tó jókòó sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti sọ ọ́ ṣáájú pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń pinnu ohun tí ojú máa rí. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2024, IATA ní wọ́n ti san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ti kọ́ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, púpọ̀ nínú wọn kò padà.

N kò sọ pé kí a padà sáyé tí ìjọba ń dá iye owó lé bàálù. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tó ti ń gba owó gọbọi lójú ọ̀nà náà tètè dín tiwọn kù. Ìdíje ṣe wá lóore níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó pọ̀ sí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé, bí wọ́n ṣe gé kọ́míṣọ̀n yẹn, iṣẹ́ tó ń san owó fún kò parí. Orí èrò ni wọ́n gbé e kà. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní káàdì báǹkì tó ń ṣiṣẹ́, lè gbé e. Ìyá Rafatu kò lè gbé e, àwọn tó dà bíi tirẹ̀ sì pọ̀ ní Ọ̀fà, ní Ìkìrun, ní Ṣakí.

Àwọn kan tún ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n á mú ìjókòó sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láìsanwó rẹ̀, wọ́n á tẹ ìwé tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà fún oníbàárà, wọ́n á gba owó rẹ̀, ìjókòó náà á sì wọ́gi lé ara rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá gbọ́ ọ, nítorí pé orúkọ Alhája àti irú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ó yẹ kí NANTA sọ̀ kalẹ̀ wá sí àwọn ìlú bíi tiwa, kí wọ́n forúkọ ejẹ́ǹtì kéékèèké sílẹ̀, kí ará ìlú lè mọ ẹni tó ṣe é fọkàn tán.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin ejẹ́ǹtì ni pé kí ẹ kọ owó iṣẹ́ yín sára ògiri kí gbogbo ayé rí i, kí ẹ má fi í pamọ́ sínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ má gba ìwé tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà nìkan. Ẹ béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́tàlá, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín wò ó lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ bàálù kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá pé, tí orúkọ yín sì rí bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, ẹ san owó iṣẹ́ ejẹ́ǹtì yín fún un láìdúnàádúrà.